Iná iwájú kẹ̀kẹ́ wo ló lè gbé mi láti Lágere dé Ìpetumodù lóru?

Télọ̀ Lágere:

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ iná kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá. Ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ lóru rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó máa ní kí n lọ ra ọ̀kadà.

Télọ̀ ni mí. Lágere ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Ifẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n Ìpetumodù ni mò ń sùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, tí owó ọkọ̀ kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́, mo gbé kẹ̀kẹ́ bàbá mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé, mo ra táyà méjì àti rọ́bà bíréèkì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àárọ̀ kò ní wàhálà. Alẹ́ ni ìjàngbọ̀n. Oníbàárà télọ̀ kì í rántí pé òun ní ìnáwó àfi tó bá ku ọ̀la. Mo lè jókòó ti máṣíìnì títí di aago mẹ́sàn-án àbọ̀, nígbà mìíràn aago mẹ́wàá, kí n tó ti ilẹ̀kùn.

Láti Lágere dé Mayfair, kò burú. Iná ṣọ́ọ̀bù wà, iná onísúyà wà, iná ọkọ̀ wà. Títí dé ẹnu géètì Yunifásítì, mo ṣì ń ríran. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń ṣú gan-an. Bí kò bá sí òṣùpá, n kì í rí ọwọ́ ara mi lórí kẹ̀kẹ́. Bí àádọ́ta ìṣẹ́jú ni mo fi ń délé, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ tí mò ń lò nínú òkùnkùn biribiri.

Iná tí mo kọ́kọ́ lò ni tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí mo fi rọ́bà ìdí ṣòkòtò so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí mo bá ti bọ́ sí gegele báyìí, ó ti yí. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ ewé orí igi ló ń tàn sí, tí èmi ń tọ ọ̀nà bí afọ́jú. Lẹ́yìn náà mo ra èyí tí wọ́n ń dè mórí, irú tí àwọn ọdẹ ń lò. Ìyẹn mọ́lẹ̀ rekete. Síbẹ̀ òun ló gbé mi ṣubú.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni, òjò ti rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo di lésì ìyá ìyàwó kan sínú ọ̀rá, mo so ó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, nítorí mo fẹ́ fi ọwọ́ rán ọrùn rẹ̀ nílé. Tírélà kan ń bọ̀ níwájú, ó tan iná gíga sí mi lójú, gbogbo ayé di funfun. Nígbà tó kọjá tán, gbogbo ayé di dúdú. Iná orí mi ṣì ń tàn, mo sì ń rí ọ̀dà níwájú mi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Kò sí kòtò kankan lójú tèmi. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé táyà iwájú wọlẹ̀, ìdí mi gbéra, mo bá ara mi nínú koríko ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tí mo dìde, mo ki ẹsẹ̀ bọ kòtò náà, ó dé agbede-méjì ojúgun mi.

Orúnkún mi bó, àmọ́ ìyẹn kò dùn mí tó lésì náà. Ẹ mọ ẹrẹ̀ pupa Ifẹ̀ àti bó ṣe ń di aṣọ funfun mú. Ọṣẹ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, n kò fi ojú kan oorun.

Ìbéèrè mi wá rèé. Mo lọ wo iná lọ́jà. Wọ́n kọ 1,000 lumen sára páálí kan. Wọ́n kọ 50,000 lumen sára òmíràn, ₦9,000 ni wọ́n sì ń ta ìyẹn. Ọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wá mú ọ̀kan tó kéré jáde, 400 lumen péré, ó ní ₦22,000! Mo rẹ́rìn-ín, mo jáde. Ṣé èmi ni mi ò mọ ìṣirò ni, àbí wọ́n ń lo ojú mi? Mélòó ló tó fún ọ̀nà mi yìí? Ṣé orí ni kí n máa dè é mọ́, àbí ọwọ́ kẹ̀kẹ́? Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju ₦20,000 lọ. Ẹ sì rántí pé mi ò ní iná gidi nílé, sólà kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fi ń ṣájì nǹkan.

Ọmọ Ìlódè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Tó bá jẹ́ èmi ni, 50,000 yẹn ni màá rà, kí gbogbo Ifẹ̀ di ọ̀sán gangan lóru. Lésì ńkọ́? Kí ìyá ìyàwó má gbọ́ o.

Oníbátìrì Sábó:

Ọmọ Ìlódè, má ti ẹ̀gbọ́n wa sí kòtò ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Fóònù àti tọ́ọ̀ṣì ni mò ń tún ṣe, irọ́ ara páálí ló sì ń bọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Lumen ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu iná, ká kó o jọ lápapọ̀. Iná LED tó dára máa ń mú nǹkan bí 100 lumen jáde lórí wáàtì kọ̀ọ̀kan. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í tó bẹ́ẹ̀. Bí iná bá jẹ́ 50,000 lumen ní tòótọ́, á jẹ́ pé ó ń jẹ wáàtì 500. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ wáàtì 1,000. Ìdajì áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sọ pé àwọn kì sínú nǹkan tí kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ọwọ́ yín ì bá ti bó kí ẹ tó dé Mayfair.

Ìdí tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ ṣí, kí ẹ wo bátìrì. Èyí tó gùn gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní 18650 ló pọ̀ jù nínú wọn: mìlímítà 18 ni fífẹ̀ rẹ̀, 65 ni gígùn rẹ̀. Ojúlówó tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, n kò rí èyí tó ju 3,500 mAh lọ; mAh ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà sínú. Bí ẹ bá rí 9,900 mAh lára rẹ̀, ẹ dá a padà sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì kí i pé ó kú iṣẹ́. Mo ti gbé irú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn bátìrì rí, 800 ni mo bá nínú rẹ̀.

Ká ní ẹ rí ojúlówó tó jẹ́ 2,600. Fólítì rẹ̀ jẹ́ 3.7. Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, kí ẹ fi 1,000 pín in, agbára tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wáàtì 10 fún wákàtí kan. Iná 500 lumen á jẹ wáàtì 5, wákàtí méjì nìyẹn, ó gbé yín délé, ó tún kù. Ẹ tan 1,000 lumen lórí bátìrì kan náà, kò ní pé wákàtí kan tó fi máa kú. Bí ẹ bá rí iná kékeré tí wọ́n ní 1,000 ni, tí wọ́n tún ní ó ń lo wákàtí mẹ́wàá, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni irọ́. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ọkùnrin 400 lumen tí ẹ fi rẹ́rìn-ín yẹn, òun ló sọ òótọ́ fún yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ ná an. 400 sí 500 tó fún yín bí kò bá jẹ́ pé eré ìje ni ẹ fẹ́ sá. Sólà yín á ṣájì rẹ̀ bó bá jẹ́ pé okùn fóònù ló ń lò. Àmọ́ kí ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó bá ń ṣájì o, bí bátìrì bá sì wú bí àkàrà, ẹ gbé e jáde nínú ilé lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ:

Iná orí yẹn ni mo fẹ́ dá sí, nítorí iṣẹ́ ilé wa ni.

Bàbá mi ṣọdẹ títí ọwọ́ wọn fi rọ̀. Iná kábáàdì ni wọ́n ń dè mórí nígbà náà, òkúta tí omi ń kán sí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń jó. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò mú un lọ́wọ́. Wọ́n ní ojú ẹran ni àwọn ń wá. Ojú ẹran máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá gan-an, bí iná bá jìnnà sí ojú ọdẹ, kò ní rí i kó máa dán. Ìdí tí iná ọdẹ fi ń gbé orí nìyẹn. Ẹran ló wà fún, kò wà fún kòtò.

Kòtò ń fẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ohun tí ojú ń rí lára kòtò lóru ni òjìjì etí rẹ̀. Bí iná bá wà níbi tí ojú yín wà, òjìjì á sá pamọ́ sẹ́yìn ohun tó ń ṣe òjìjì náà, ilẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn. Ẹ gbé iná wálẹ̀, ẹnu kòtò á dúdú.

Ìpetumodù ni ẹ wà, ìkòkò kò wọ́n yín. Ẹ da ìkòkò kan dé sílẹ̀ lóru lẹ́yìn ilé, kí ẹ rìn sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí iwájú orí, kí ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ tọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ dé orúnkún, kí ẹ tún wò ó. Òjìjì rẹ̀ á gùn jáde lẹ́yìn bí ìrù. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, tàbí tí kùrùkuru bá bo ọ̀nà? Iná orí á di ògiri funfun lójú yín.

Ẹ má jù ú nù ṣá. Ẹ fi sínú àpò, ọjọ́ tí táyà bá jò lẹ́yìn géètì, ẹ ó mọ ìwúlò rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Akérò:

Èmi ń ná Ìbàdàn sí Iléṣà, ọ̀nà yín yẹn ni mò ń gbà. Ẹ dárí jì mí fún tírélà, bí kì í tilẹ̀ ṣe èmi. Àmọ́ ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ náà ń fọ́ wa lójú. Òmíràn á gbé tọ́ọ̀ṣì ká ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó máa wo ojú ọ̀run, òmíràn á fi sí èyí tó ń ṣẹ́jú, kò ní jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ó wà nítòsí tàbí ó ṣì jìnnà. Ẹ jẹ́ kó tàn gbọnrangandan, kó sì wolẹ̀.

Tí ọkọ̀ bá tan iná gíga sí yín lójú, ẹ má wo iná náà. Ẹ dín eré kù, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi èkejì máa tọ etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Tó bá kọjá tán, kí ẹ la èyí tí ẹ dì. Òun kò tíì fọ́, á ṣì máa ríran nínú òkùnkùn. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọkọ̀ ló kọ́ mi.

Télọ̀, ìwọ ò sì mẹ́nu ba ẹ̀yìn rárá! Iwájú ni ìwọ fi ń rí wa, ẹ̀yìn ni àwa fi ń rí ẹ. Ra iná pupa.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Iléṣà:

Télọ̀, o kú ewu o. Físíìsì ni mo fi kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà wàá fara dà á fún mi díẹ̀.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí mi. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ni wọ́n fi ń gbé aṣọ káàkiri, wọ́n á tún fi lọ sin owó. Dáínámò kan wà lára rẹ̀ tó dà bí ìgò kékeré, ó ń fi orí ha ẹ̀gbẹ́ táyà, bí wọ́n bá ń bọ̀ lálẹ́ a ó ti máa gbọ́ ọ, hùn-ùn-ùn, kí a tó rí wọn. Fólítì 6, wáàtì 3 ni: 2.4 fún iwájú, 0.6 fún ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dúró, iná kú. Bí wọ́n bá ń gun òkè, ó ń ṣe bàìbàì, òkè kò sì wọ́n ní Iléṣà. Gílóòbù ayé ìgbà náà kò ní mú ìdá mẹ́wàá ohun tí tọ́ọ̀ṣì ₦9,000 ń pariwo jáde, síbẹ̀ n kò gbọ́ ọ rí pé bàbá mi já sí kòtò.

Gíláàsì iwájú rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ náà. Orí ilẹ̀ ló ń da gbogbo ìmọ́lẹ̀ sí. Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ rẹ sọ ọ́: lumen ni iye yáàdì tí oníbàárà kó wá. Nǹkan kejì wà tí wọ́n ń pè ní lux, òun ni iye ìmọ́lẹ̀ tó balẹ̀ sí ibi tí o ń wò, bí aṣọ ṣe jókòó sára nìyẹn. Tọ́ọ̀ṣì oníyíká ń da ìdajì yáàdì náà sójú ọ̀run àti sójú dẹ́rẹ́bà wa yìí. Ní Jámánì, òfin ni pé iná kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti gé e lókè kó má bàa fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú, lẹ́tà K àti nọ́mbà sì máa ń wà lára èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Lux tí wọ́n ń kọ sára irú rẹ̀, ibi tó jìnnà tó mítà 10 ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Bí o bá mọ ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o wo iwájú àwọn tó bá ní iná. O lè ṣe kòńgẹ́.

Bí o kò bá rí i, ra 400 rẹ, kí o mọ bí wàá ṣe darí rẹ̀. Bí o bá ń sáré kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan, mítà 5.6 lò ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ìgbà tí ojú bá ti rí kòtò títí ọwọ́ fi máa fún bíréèkì, bíi ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀, o ti lọ mítà 8. Kí kẹ̀kẹ́ tó dúró lórí ọ̀dà gbígbẹ, fi mítà 4 tàbí 5 sí i. Mítà 13 nìyẹn. Lójú òjò, rọ́bà bíréèkì bàbá rẹ á máa yọ̀, fi púpọ̀ sí i. Nítorí náà mítà 20 ni kí o máa ríran dé. Bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ bá sì jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa ń kù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn kò fi lè fi tọ́ọ̀ṣì tó ń tàn yẹ́rẹ́ káàkiri ṣe é.

Gbé kẹ̀kẹ́ kọjú sí ògiri, mítà 5 sí i. Wọn gíga iná láti ilẹ̀, kí o fa ìlà sára ògiri ní ìdajì gíga náà. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú iná ni kó wà lórí ìlà yẹn. Tí o bá gbé ògiri kúrò, mítà 10 ló máa balẹ̀ sí, ìyókù rẹ̀ á ṣáájú lọ. Ìwọ ní téèpù, o sì ní ṣọ́ọ̀kì.

Télọ̀ Lágere:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin àbúrò. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Ó rántí pé mo fi òun rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló mú kó le díẹ̀, àmọ́ a ná an títí ó fi gbà ₦17,500. Mo fi ₦1,500 ra iná pupa tẹ̀yìn. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mi bá mi fi irin pẹlẹbẹ àti nọ́ọ̀tì gbé iná iwájú sí orí fọ́ọ̀kì, lókè táyà iwájú, kò sí lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́. Lálẹ́ mo gbé kẹ̀kẹ́ kọjú sí ògiri ilé, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n bí Tíṣà ṣe wí, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Ìyàwó ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Bọ̀dá Télọ̀, ṣé ògiri náà ń re òde ìyàwó ni?"

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gùn ún, lẹ́yìn géètì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà. Mo rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ títì ni. Kòtò ni níhìn-ín, kòtò ni lọ́hùn-ún, olúkúlùkù la ẹnu dúdú. Orí gbogbo wọn ni mo ti ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀! Mo ka mọ́kànlá kí n tó délé. Mo dúró wo èyí tó gbé mi ṣubú. Kò tó bí mo ṣe rò ó.

Dẹ́rẹ́bà, mo ti dán ojú kan tí ẹ ní kí n dì wò. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ la èyí tí kò yẹ.

Ohun kan ló ṣì kù: iná náà ń gbọ̀n jìgìjìgì nínú irin bí mo bá gun gegele. Mo wá nǹkan tí mo máa fi há a, mi ò rí. Ọmọ Ìlódè, o béèrè lésì. Ìyá ìyàwó wọ̀ ọ́, wọ́n jó, ẹnikẹ́ni ò rí àbàwọ́n abẹ́ apá. Èyí tó kù lára aṣọ náà wà nínú àpò mi, òun ni mo ká sí mẹ́rin tí mo fi há iná náà. Kò gbọ̀n mọ́.